Bàálù Bàbá Lẹ́tà

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kejì, oṣù kẹta

Iṣẹ́ ọdún mẹ́rin, ìṣẹ́jú-àáyá mọ́kànlá ló fi bàjẹ́. Mo kà á. Mi ò tilẹ̀ mọ̀ pé mò ń kà á, àfi ìgbà tí mo délé tí oókan, eéjì, ẹẹ́ta yẹn ṣì ń lọ lọ́kàn mi.

Bàálù Bàbá Lẹ́tà gbéra nílẹ̀ dáadáa. Ó fẹ̀ tó ilẹ̀kùn kan tí wọ́n gbé ní ìbú, síbẹ̀ ó gòkè bí ẹni pé ilẹ̀ ò wù ú gbé mọ́. Gbogbo pápá hó yèè. Ni atẹ́gùn díẹ̀ bá gbá a, ó tẹ̀ sí òsì. Bàbá fi àtàǹpàkò ti ọ̀pá rìmóòtù sí ọ̀tún kó lè tọ́, bí ẹnikẹ́ni nínú wa ṣe máa ṣe. Kàkà kó tọ́, ó túbọ̀ tẹ̀ sí òsì. Wọ́n tún tì í. Ó dojú dé, ó forí sọlẹ̀ níwájú wa bí ẹyẹ tí wọ́n sọ lókùúta.

Alága ẹgbẹ́ oníbàálù rìmóòtù wa, tó ń yọ eyín fún aráàlú tí kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, ló kọ́kọ́ lanu. "Òdì! Ewé apá ń ṣiṣẹ́ òdì! Ta ló de àwọn sáfò yìí?"

Kò sẹ́ni tí kò mọ̀. Èmi ni mo de gbogbo sáfò, àwọn mọ́tò kékeré inú bàálù náà, àti gbogbo irin tín-ín-rín tó so wọ́n mọ́ ewé apá àti ewé ìrù tó ń darí rẹ̀. Bàbá ló bẹ̀ mí. Ọwọ́ wọn ti ń gbọ̀n tó bá di iṣẹ́ wẹ́wẹ́, wọ́n ní ẹni tó ti fi ọgbọ̀n ọdún tún máṣíìnì ìránṣọ ṣe, irin wo ló kù tó lè bá a ṣagídí?

Bàbá ò wò mí. Wọ́n fi rìmóòtù kọ́ ọrùn, wọ́n rìn lọ síbẹ̀, wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n ń ṣa igi wẹ́wẹ́ sínú àpò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin.

Àìkú, ọjọ́ kẹta

Mi ò lọ síbì kankan. Ọkọ mi gbé búrẹ́dì gbígbóná wá látinú ààrò rẹ̀, ó gé e, ó fi bọ́tà sí i, ó gbé e síwájú mi. Nígbà tó padà wọlé, búrẹ́dì náà ti le gbagidi. "Kò burú," ó ní, "a ó fi kan ìṣó." Mi ò rẹ́rìn-ín.

Ohun tó ń dà mí láàmú ni pé mo rántí pé mo dè é bó ṣe yẹ. Mo rántí kedere. Ṣùgbọ́n báwo ni ìrántí èmi nìkan ṣe fẹ́ bá ojú ogún èèyàn rojọ́?

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ karùn-ún

Mo lọ sílé wọn. Màmá, ìyàwó Bàbá Lẹ́tà, ló ṣílẹ̀kùn. Mo kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà níbẹ̀, mi ò dúró kí wọ́n ní kí n wọlé.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, mo wá tọrọ àwókù bàálù yẹn ni."

"Kí lo fẹ́ fi ṣe?"

"Mo fẹ́ tún un ṣe ni, mà."

Wọ́n wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. "O ti ṣe irú ẹ̀ rí?"

"Rárá, mà."

Ohùn Bàbá jáde láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn yàrá, ilẹ̀kùn ò ṣí. "Kó o fún un. Kó gbogbo ẹ̀ fún un. Mi ò fẹ́ rí i mọ́."

Àpò mẹ́ta. Onítakisí bi mí bóyá igi ìdáná ni. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Mi ò lókun àlàyé.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹsàn-án

Mo da àpò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sórí tábìlì tí mo fi ń tú máṣíìnì. Mo rò pé ìdọ̀tí ni mo fẹ́ tò. Àṣé ilé èèyàn ni mo fẹ́ wọ̀.

Lábẹ́ ike fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n fi bo apá bàálù náà, egungun ìhà ló wà níbẹ̀, mẹ́rìnlélógún, igi tó fúyẹ́ débi pé èémí mi lè gbé e kúrò lórí tábìlì. Wọ́n gbẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n tún dá ihò sí i láàárín kó lè fúyẹ́ sí i. Ìhà kọ̀ọ̀kan ló sì ní ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi pẹ́ńsù kọ sí i, níbi tí ojú ẹnikẹ́ni ò ní dé láéláé. "Ìkeje. Òjò." "Ìkẹsàn-án. Orúnkún." "Ìkẹtàlá. Ọmọ-ọmọ wa rìn lónìí." "Ìkọkàndínlógún. Mo gé èyí lẹ́ẹ̀mejì, mo bínú sí ara mi."

Mo bọ́ awò ojú mi. Èèyàn tó fi ogójì ọdún gbé lẹ́tà onílẹ́tà kiri láìṣí ọ̀kan wò, ibi tó ń kọ tirẹ̀ pamọ́ sí nìyí. Èmi ni mo ṣí i.

Mọ́kànlá nínú ìhà náà ti kán. Mo máa gbẹ́ mọ́kànlá.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kejìlá

Igi ti gbówó lórí. Pákó fẹ́lẹ́ kan ṣoṣo, owó ìyẹ̀fun ọjọ́ kan gbáko. Mo ra mẹ́fà. Mi ò sọ fún oníbúrẹ́dì tí í ṣe ọkọ mi.

Ọjọ́rú, ogúnjọ́

Ìhà mẹ́sàn-án ti dúró. Bí mo bá ti gbẹ́ tuntun tán, mo máa ń da ọ̀rọ̀ tó wà lára èyí tó kán kọ sí i, bó ṣe wà gẹ́lẹ́, òjò àti orúnkún àti gbogbo ẹ̀. Mi ò mọ̀ bóyá mo lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Kò kàn ṣeé jù nù ni.

Ọkọ mi ní eruku igi mi ti ń wọ inú ìyẹ̀fun òun, pé tí mi ò bá ṣọ́ra, àwọn oníbàárà òun máa tó bẹ̀rẹ̀ sí í fò. Ìyẹn ni ẹ̀rín àkọ́kọ́ tí mo rín láti ọjọ́ kejì.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n

Mo dé orí àwọn sáfò. Ọ̀kan ti fọ́, mẹ́rin yè é. Mo fi rìmóòtù kékeré tèmi dán wọn wò.

Mo ti de ọ̀pọ̀lọpọ̀ sáfò, ṣùgbọ́n mi ò wò ó rí bí mo ṣe wò ó lónìí. Kò ju páálí ìṣáná lọ. Apá kékeré kan ló ní, òun ló ń yí. Mo fi àtàǹpàkò ti ọ̀pá rìmóòtù díẹ̀, ó yí díẹ̀. Mo dúró, ó dúró. Mo tì í bí ẹni ń fọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ tó ń sùn, òun náà rìn bẹ́ẹ̀. Kò sí okùn láàárín wa. Mo gbé rìmóòtù jáde sí àgbàlá, mo ní kí ọkọ mi dúró tì í lórí tábìlì.

"Ó ṣe ńkọ́?"

"Ó yí!"

"Báyìí ńkọ́?"

"Ó dúró!"

"Báyìí?"

"Ó nawọ́ sí mi! Kí ni mo ṣe fún un?"

Ògiri wà láàárín wa, ààrò wà láàárín wa, síbẹ̀ ó gbọ́. Ọmọ tí mo bí nínú ara mi kì í gbọ́ tó bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn náà mo so irin mọ́ ti ewé ìrù, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kùn bí eṣinṣin inú ìgò. Irin náà fi ìwọ̀n irun kan gùn jù. Ewé ti dé ibi tó lè dé, sáfò ò mọ̀, ó ṣì ń tì, ó ń pa ara rẹ̀. Mo yí ẹnu irin náà lẹ́ẹ̀kan péré. Ó dákẹ́. Mo jókòó ti ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn fún ìgbà díẹ̀.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹfà, oṣù kẹrin

Mo lọ sí pápá fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ yẹn. Atẹ́gùn ò pọ̀, ojú ọ̀run mọ́. Bí mo ṣe ń sún mọ́ wọn ni ọ̀rọ̀ ń kú lẹ́nu wọn.

Alága ní, "Ẹ káàbọ̀ o, Ìyá Òdì."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, kí wọ́n má bàa rí ojú mi.

Ó tún kéde pé onílẹ̀ ti fẹ́ gba ilẹ̀ rẹ̀. Ilé ni yóò kọ́ síbẹ̀. Títí oṣù karùn-ún bá fi parí nìkan la ní. Kò sí pápá mìíràn tó tẹ́jú tó bẹ́ẹ̀ nítòsí. Ọ̀sẹ̀ méje ó lé díẹ̀.

Bàbá Lẹ́tà ò wá. Wọ́n ní wọn ò tíì wá rárá.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹsàn-án

Màmá wá sí ṣọ́ọ̀bù mi. Wọ́n gbé rìmóòtù Bàbá lọ́wọ́, wọ́n fi aṣọ ìnuwọ́ wé e.

"Ó ní kí n gbé e fún ẹ. Ó ní òun ò ní fọwọ́ kàn án mọ́. Orí kọ́ńbọ́ọ̀dù ló gbé e sí lọ́jọ́ yẹn, kò sẹ́ni tó sún mọ́ ọn."

Mo fún wọn ní tíì. Wọn ò mu ún. Wọ́n ń wo àwọn ìhà tí mo tò sórí tábìlì, wọ́n wá sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń bá igi yẹn sọ ọ́.

"Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó jí láàárọ̀, ó wọ aṣọ iṣẹ́, ó gbé báàgì kọ́ èjìká. Mo ní, níbo? Ó ní lẹ́tà ti pọ̀ nílẹ̀. Ọdún kẹsàn-án rèé tó ti fẹ̀yìn tì. Mo sìn ín dé ìkóríta. Ibẹ̀ ni ojú ẹ̀ ti wálẹ̀. Ó ní, 'Ìyá, jọ̀ọ́, má sọ fún ẹnikẹ́ni.' Mo sì ti sọ fún ẹ báyìí."

"Mi ò gbọ́ nǹkan kan, Màmá."

"O ṣeun."

Nígbà tí wọ́n lọ, mo tan rìmóòtù. Ojú rẹ̀ tàn. Nọ́ńbà kan ló wà níbẹ̀: Ìkíní.

Mi ò lóye rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Lẹ́yìn náà mo gbé rìmóòtù sórí tábìlì, mo tún nọ́ńbà náà kà.

Rìmóòtù yẹn lè há bàálù tó ju ọ̀kan lọ sórí. Ìkíní ni bàálù pupa wọn àtijọ́. Ìkejì ni tuntun. Èmi ni mo fi ọwọ́ mi kọ́ ọ ní Ìkejì lóṣù kejì, sáfò kan lẹ́yìn òmíràn. Ẹni tó bá fẹ́ fò gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yan èyí tó fẹ́ fò. Ìrù wọn bára mu, ṣùgbọ́n ìdojúkọ sáfò apá bàálù pupa yàtọ̀ pátápátá. Ohun tó jẹ́ "gbéra" fún un, "wálẹ̀" ló jẹ́ fún tuntun.

Mo gbé apá tí mo ń tún ṣe wá, mo so ó mọ́ bátìrì. Ní Ìkíní: mo ti ọ̀pá sí ọ̀tún, ewé ọ̀tún wálẹ̀. Òdì. Mo yí i sí Ìkejì: mo ti ọ̀pá sí ọ̀tún, ewé ọ̀tún gbéra, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń gbé fìlà kí èèyàn.

Mo ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, mo sunkún tó tẹ́ mi lọ́rùn.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹwàá

Mo sọ ọ́ fún ọkọ mi. Ó ń po ìyẹ̀fun, ó dáwọ́ dúró.

"Lọ pe Alága. Lọ pe gbogbo wọn. Ẹni tó pè ẹ́ ní Ìyá Òdì, kó wá gbọ́."

"Kí n wá ní kí ni? Pé Bàbá ti ń gbàgbé?"

"Òtítọ́ ni."

"Òtítọ́ ni. Ìkóríta tí Màmá ti sìn ín náà, òtítọ́ ni."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í po ìyẹ̀fun padà. Ó ní, "Ó dáa. Àmọ́ búrẹ́dì ò ní dẹ̀ lónìí, inú ń bí mi jù."

Ohun tí mi ò sọ fún un, jẹ́ kí n kọ ọ́ síbí. Kí bàálù tó gbéra lọ́jọ́ náà, Bàbá ti ọ̀pá sí ọ̀tún, wọ́n bi mí pé, "Ó dára?" Iwájú ni mo dúró sí, mo kọjú sí imú bàálù. Ẹni tó bá kọjú sí bàálù, ọ̀tún rẹ̀ ni òsì bàálù. Mo rí ewé kan tó gbéra lápá ọ̀tún tèmi, mo ní, "Ó dára, sà." Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló kù tí ì bá gba bàálù náà là. Èmi ni wọ́n fi í lé lọ́wọ́.

Nítorí náà ọwọ́ mi ò mọ́ tó bí mo ṣe rò lánàá.

Àbámẹ́ta, ogúnjọ́

Bàbá Lẹ́tà wá.

Màmá mú wọn dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n ní àwọn ń lọ ra òwú. Bàbá dé fìlà, wọ́n wọ ẹ̀wù tí wọ́n lọ̀ gún régé. Mo kúnlẹ̀. Wọ́n ní, "Dìde, dìde, orúnkún ẹ á dùn ẹ́ bí tèmi." Wọn ò sọ̀rọ̀ bàálù. Wọ́n jókòó sórí àpótí tí àwọn oníbàárà máa ń jókòó sí, wọ́n ń wo ọwọ́ mi.

Apá kan ṣì wà ní ìhòòhò, mi ò tíì bò ó. Wọ́n dìde, wọ́n tẹ̀ síwájú, wọ́n ka ìkẹtàlá. Wọ́n fi ìka tọ ọ̀rọ̀ náà.

"Ọwọ́ mi kọ́ nìyí."

"Ọ̀rọ̀ yín ni, sà. Ìhà yẹn kán ni. Mo dà á kọ."

Wọ́n kà á lẹ́ẹ̀kejì. Lẹ́yìn náà wọ́n ka ìkẹsàn-án. Wọ́n padà jókòó. Odindi wákàtí kan, wọn ò sọ nǹkan kan, àgbà tó dákẹ́ kò kúkú sùn. Nígbà tí wọ́n máa lanu, ohun tí wọ́n sọ ni, "Ihò yẹn ti fẹ̀."

"Ihò wo, sà?"

"Ibi tí irin ti wọ inú ìwo kékeré tó yọ lára ewé. Di ewé mú. Mì í."

Mo mì í. Díẹ̀ báyìí, tí ojú ò lè rí, irin náà ń ṣeré nínú ihò.

"Lórí tábìlì, eré ni," wọ́n ní. "Lókè, tí atẹ́gùn bá mú un, ó máa gbọ̀n. Tó bá gbọ̀n, ó máa gbọ̀n sí i. Mo ti rí apá tó fi ìgbọ̀n ya ara ẹ̀ bí ìwé lójú mi. Ìwọ̀n irun kan ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀."

Mo pààrọ̀ ìwo náà. Ẹ̀rù tó bà mí dùn. Mi ò mọ bí mo ṣe lè sọ ọ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Pé ayé lè rọ̀ mọ́ ohun tó kéré tó bẹ́ẹ̀, kó sì fò.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ karùndínlọ́gbọ̀n

Bàbá ti ń wá lójoojúmọ́. Ọ̀dọ̀ oníbúrẹ́dì ni wọ́n ti máa ń kọ́kọ́ yà. Àwọn méjèèjì ti di ọ̀rẹ́, wọ́n ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹrin, oṣù karùn-ún

Òjò láti àárọ̀. Ọjọ́ ìwọ̀n ni. Bàbá ní ewé apá méjèèjì gbọ́dọ̀ gbéra bákan náà, kí wọ́n wálẹ̀ bákan náà, kí ìwálẹ̀ wọn má sì tó ìgbéra wọn. Èmi di rúlà mú, Bàbá di rìmóòtù mú. Bàbá tó ní òun ò ní fọwọ́ kàn án mọ́!  Mo kàn gbé e lé wọn lọ́wọ́ bí ẹni gbé ife omi fúnni.

"Gbéra."

"Ìlà méjìlá, sà."

"Òsì ńkọ́?"

"Mọ́kànlá."

Mo sún irin sí ihò tó tẹ̀ lé e níbi apá sáfò, mo tún ẹnu rẹ̀ yí ní ìdajì. "Méjìlá."

"Ọ̀tún?"

"Méjìlá."

"Áà," wọ́n ní, bí ẹni tó jẹ nǹkan tó dùn.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n bi mí lónìí bóyá mo ti pààrọ̀ ìwo yẹn. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ní, "Mo ti pààrọ̀ ẹ̀, sà." Lẹ́ẹ̀kẹta, wọ́n wo ojú mi pẹ́.

"Mo ti bi ẹ́ tẹ́lẹ̀, àbí?"

"Ẹ ti bi mí, sà."

"Máa dá mi lóhùn."

"Mo ti pààrọ̀ ẹ̀, sà."

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kọkànlá

Ó parí. Òjò ò jẹ́ ká lọ. Bàálù náà gba gbogbo ṣọ́ọ̀bù, oníbàárà kan ní láti fi ẹ̀gbẹ́ wọlé. Lẹ́ẹ̀mejì lónìí ni Bàbá lanu bí ẹni tó fẹ́ sọ nǹkan, wọ́n sì pa á dé. Èmi náà lẹ́ẹ̀mejì.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kejìdínlógún

Mo fẹ́ kọ gbogbo rẹ̀ kó tó yọ́ mọ́ mi lọ́wọ́.

Ilẹ̀ gbẹ, atẹ́gùn rọra ń fẹ́ láti iwájú. Gbogbo èèyàn pápá ló wá, nítorí ọ̀sẹ̀ méjì péré ló kù fún wa níbẹ̀. Màmá wá. Ọkọ mi ti ààrò rẹ̀ pa, ohun tí kò ṣe rí ní Àbámẹ́ta. A gbé bàálù kalẹ̀. Alága wò ó yí ká.

Bàbá Lẹ́tà gbé rìmóòtù lọ́wọ́. Wọn ò tíì tàn án. Wọ́n gbóhùn sókè, irú ohùn tí wọ́n fi ń pe onílé nígbà tí wọ́n ṣì ń pín lẹ́tà.

"Ẹ gbọ́ mi. Ọjọ́ tí bàálù yìí já, kì í ṣe ọwọ́ obìnrin yìí. Èmi ni. Ìkíní ni mo yàn, mi ò yan Ìkejì. Mo mọ̀ lọ́jọ́ kejì ẹ̀, nígbà tí mo yọ́ lọ tan rìmóòtù yìí wò lórí kọ́ńbọ́ọ̀dù. Mo sì pa á, mo dákẹ́, mo jẹ́ kí ẹ máa bú u. Kì í ṣe pé mò ń bínú sí i. Ojú ló ń tì mí." Wọ́n sinmi díẹ̀. "Mo ti ń gbàgbé nǹkan. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ fún yín fúnra mi, kí ẹ má gbọ́ ọ níbòmíràn."



Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ó lé díẹ̀. Mo rò pé èmi ni mò ń bo àṣírí wọn. Wọ́n ti mọ̀ kí n tó mọ̀.

"Bàbá, èmi náà wà ńbẹ̀," mo ní. Ohùn mi ò lọ jìnnà, mo tún un sọ. "Ẹ bi mí bóyá ó dára. Iwájú ni mo dúró sí, mo ní ó dára. Ká ní ẹ̀yìn ìrù ni mo dúró, kì bá tí já."

Bàbá wò mí. "O mọ̀?"

"Láti oṣù kẹrin, sà."

"O sì ń pààrọ̀ ìwo."

"Mo ń pààrọ̀ ìwo, sà."

Alága bọ́ fìlà rẹ̀. Ó wá síwájú mi, ó dọ̀bálẹ̀ nínú koríko pẹ̀lú ṣòkòtò funfun tó wọ̀. Kò tíì sí ẹni tó rí i kó dákẹ́ pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ láìjẹ́ pé ó ń yọ eyín.

Bàbá ní, "Ó tó. Wá dúró síbí." Ẹ̀yìn ìrù ni wọ́n nawọ́ sí. A jọ dúró síbẹ̀.

"Kà á fún mi."

"Ìkejì, sà."

"Ìkejì. Ọ̀tún."

"Ewé ọ̀tún gbéra."

"Òsì."

"Ewé òsì gbéra."

"Fà á."

"Ewé ìrù gbéra."

Wọ́n gbé rìmóòtù kọ́ mi lọ́rùn. "Gbé e lọ sókè. Èmi á gbà á tó bá ti fara balẹ̀ lókè."

Mi ò rántí pé ó kúrò nílẹ̀. Mo kàn rí i pé òjìji rẹ̀ ti já kúrò lára ẹsẹ̀ rẹ̀, òjìji yẹn ń sáré lórí koríko, òun fúnra rẹ̀ wà lókè. Atẹ́gùn gbá a, ó tẹ̀ sí òsì.  Mo fi àtàǹpàkò ti ọ̀pá sí ọ̀tún, kò ju bí ìgbà tí mo bá ń tọ òwú sínú abẹ́rẹ́ lọ.

Ó tọ́.

Mo ti dè é, mo ti wọ̀n ọ́n, mo mọ gbogbo irin inú rẹ̀ lórúkọ. Síbẹ̀ nígbà tó tọ́, ẹnu yà mí bí ẹni tí kò tíì rí irin rí. Ó jìnnà tó ọgọ́rùn-ún ìṣísẹ̀ sí mi, ó sì gbọ́ àtàǹpàkò mi. Oòrùn wọ inú apá rẹ̀, ike fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ yẹn mọ́lẹ̀, gbogbo ìhà mẹ́rìnlélógún yọ dúdú dúdú. Mi ò lè ka ọ̀rọ̀ ara wọn láti ibi tí mo wà. Ṣùgbọ́n mo mọ ohun tó ń fò lọ́hùn-ún: òjò, orúnkún, ọmọ tó rìn.

"Gbé e wá," Bàbá ní.

Mo fi rìmóòtù lé wọn lọ́wọ́ nígbà tí bàálù ṣì wà lókè. Ọwọ́ tó ń gbọ̀n nídìí ife tíì, ó gbọ̀n títí ó fi kan ọ̀pá náà. Lẹ́yìn náà kò gbọ̀n mọ́. Wọ́n yí i ká pápá lẹ́ẹ̀mẹta. Wọ́n mú un kọjá lórí wa, ó lọ sílẹ̀ débi pé Màmá fọwọ́ di gèlè. Wọ́n yí i padà, wọ́n dín eré rẹ̀ kù, wọ́n sì gbé e kalẹ̀ síwájú wa láìdún, bí ẹni fi lẹ́tà sábẹ́ ilẹ̀kùn.

Kò sẹ́ni tó hó. Ó pẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó hó.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n

Wọ́n ti kó igi àti òkúta wá sí pápá. A ti pa á tì.

Mo so bàálù náà mọ́ àjà ṣọ́ọ̀bù. Láàárọ̀ yìí Bàbá wá bí ìṣe wọn, wọ́n mú búrẹ́dì láti ọ̀dọ̀ ọkọ mi, wọ́n jókòó sórí àpótí. Wọ́n gbójú sókè. Wọ́n wò ó pẹ́.

"Ìgbà wo la máa fò ó?"

Mo gbé máṣíìnì tó wà lọ́wọ́ mi kalẹ̀. Màmá wà lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n gbọ́, wọ́n yíjú sí ìta.

"A ti fò ó, sà," mo ní.

"Ó fò?"

"Ó fò, sà."

"Ta ló gbé e balẹ̀?"

"Ẹ̀yin ni."

Wọ́n gbé búrẹ́dì sórí orúnkún. Ojú wọn là bí ojú ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ fún. Wọ́n yí ọwọ́ méjèèjì síwájú, wọ́n yí i sẹ́yìn, wọ́n ń wò ó.

"Jókòó," wọ́n ní. "Bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀."

Mo fa àpótí kejì, mo jókòó. Mo ní, "Ilẹ̀ gbẹ lọ́jọ́ náà, sà, atẹ́gùn rọra ń fẹ́ láti iwájú." Bí mo ṣe ń sọ ọ́, àtàǹpàkò wọn méjèèjì ti bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lórí orúnkún wọn, díẹ̀ díẹ̀, sí ọ̀tún, sí òsì.